Àjogúnbá àti Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun: Ohun Tí Ìdílé Ń Fi Sílẹ̀ àti Ohun Tí Ẹnu Ń Gbé Mì

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú ọ̀pá tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun lọ sí àpòlúkù, kì í tètè fara hàn. Kí ẹni tó ní in tó mọ̀ pé òkèlè ti ń há òun lọ́fun, kí ó tó di pé ó ń sá fún iyán àti ẹ̀bà, tó wá ku ògì àti omi nìkan tó ń lọ geere, àrùn náà ti máa ń gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá mú. Lọ́dún 2022, nǹkan bí ènìyàn 511,000 ni àyẹ̀wò fi hàn lágbàáyé pé wọ́n ní in, àwọn tó sì bá a lọ lọ́dún kan náà tó 445,000. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń da àwọn olùwádìí láàmú láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ni pé àrùn yìí kò pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ó pọ̀ ní àgbègbè kan débi pé kò sí agbo ilé tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n ní àgbègbè mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀. Nínú ìlú kan náà, á mú bàbá, á mú àbúrò bàbá, á tún mú ọmọ, nígbà tí ilé kejì kò gbúròó rẹ̀ rí. Ẹni tó bá rí irú èyí, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ìtàn bí ìmọ̀ ṣe dàgbà lórí àrùn yìí ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ níhìn-ín, nítorí ohun tí ìtàn náà ń fi hàn ni pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ìdílé tí kò pọ̀ rárá, kì í ṣe àrùn náà ni òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ohun tí ọmọ ń jogún ni bí ara rẹ̀ yóò ṣe gba ohun tó ń gba ọ̀fun kọjá: ọtí, èéfín sìgá, omi gbígbóná, omi kíkan tó ń ru sókè láti inú àpòlúkù. Àwọn ogún tó lágbára jù nínú ìwọ̀nyí, bí ohun tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ kò bá wọlé, wọn kì í rí nǹkan kan ṣe. Ó yẹ ká sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irú jẹjẹrẹ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ń hù láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tẹ́ inú ọ̀nà ọ̀fun. Òun ló pọ̀ jù ní Éṣíà àti Áfíríkà, òun náà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé. Èkejì ń hù ní ìsàlẹ̀, nítòsí ẹnu àpòlúkù. Ilẹ̀ Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ló ti wọ́pọ̀. Ìtàn wọn yàtọ̀, mo sì máa padà sórí èkejì.

Linxian ni àgbègbè tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbòde nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà lẹ́sẹ̀ òkè Taihang, ní ìpínlẹ̀ Henan ní àríwá Ṣáínà. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà ṣe ìwádìí ohun tó ń pa àwọn ará ìlú káàkiri orílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún 1973 sí 1975, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kó jọ sí àwọn àgbègbè kan bíi Linxian lọ́nà tó yani lẹ́nu, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní ibòmíràn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ti jáde ní Ìráànì. Ní ọdún 1972, Kmet àti Mahboubi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ní etí Òkun Caspian, ní ìhà Gonbad tí àwọn Turkmen ń gbé, àrùn náà pọ̀ lápọ̀jù, bẹ́ẹ̀ ni bí ènìyàn bá ti ń rìn lọ síhà ìwọ̀ oòrùn létí òkun kan náà ló ń dín kù. Nínú àwọn ìdílé Linxian àti ti Turkmen, àrùn náà máa ń tọ ẹbí. Ní 1992, àwọn olùwádìí kan ṣe ìṣirò lórí ìdílé 221 ní àgbègbè Linxian, wọ́n sì sọ pé bí àrùn náà ṣe ń rìn nínú wọn bá ti jíìnì kan tó fara sin mu, irú èyí tí ọmọ ní láti gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ àjogúnbá yìí ní koro á sọ pé: ẹbí kan náà ni, ìkòkò kan náà sì ni wọ́n ń jẹ. Iná kan náà ló ń rú èéfín sí wọn lójú, kànga kan náà ni wọ́n ń pọn, ewébẹ̀ tí wọ́n gbé sínú ìkòkò títí ó fi hu ni gbogbo wọn ń jẹ nígbà òtútù. Báwo wá ni a ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ọbẹ̀? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rí kan sì wà ní Linxian tó gbè é lẹ́yìn: àwọn adìẹ tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ ń ní jẹjẹrẹ ọ̀fun. Adìẹ kò bá ènìyàn pín jíìnì ìdílé, àjẹkù ni ó bá a pín. Ní Ìráànì, ìwádìí ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Golestan, ìpínlẹ̀ tí Gonbad wà, ní ọdún 2004, tó kó ènìyàn 50,045 jọ, fi hàn pé tíì tí wọ́n ń mu nígbà tó ṣì ń hó gbọ̀ọ́, àti ópíọ̀mù, ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ nìkan náà kò tú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí Ṣáínà àti Amẹ́ríkà fún ènìyàn 29,584 ní Linxian ní àwọn fítámì àti èròjà aṣaralóore fún ọdún márùn-ún, àbájáde tó jáde ní 1993 fi hàn pé àpapọ̀ ikú fi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín àwọn tó gba beta-carotene, fítámì E àti selenium, jẹjẹrẹ àpòlúkù náà sì dín, ṣùgbọ́n ti ọ̀nà ọ̀fun kò dín lọ́nà tó fọkàn balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọbẹ̀, wọ́n nílò ibi tí a ti lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ibi àkọ́kọ́ tí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ti hàn kedere ni Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1958, Howel-Evans, McConnell, Clarke àti Sheppard kọ̀wé nípa ìdílé méjì tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn máa ń nípọn. Kì í ṣe bí ọwọ́ àgbẹ̀ tàbí ti alágbẹ̀dẹ ṣe ń yi nítorí iṣẹ́. Awọ náà á yi bí èèpo igi, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa sán, pàápàá ní gìgísẹ̀ níbi tí ara ti ń tẹ ilẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rí i lára ọmọ. Ẹni tó bá ní in, ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n jogún rẹ̀. Nínú àwọn 48 tó ní àtẹ́lẹwọ́ yìí nínú ìdílé méjèèjì, 18 ni jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun mú. Láàárín àwọn ẹbí wọn tí àtẹ́lẹwọ́ tiwọn dán, ẹnì kan ṣoṣo péré ni ó mú. Ilé kan náà, ìkòkò kan náà, ìlú kan náà ni, síbẹ̀ awọ ọwọ́ ló ń sọ ẹni tí àrùn náà yóò wá bá. Ìṣirò wọn ni pé ẹni tó bá jogún rẹ̀, tí ó sì pé ọmọ ọdún 65, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni ewu rẹ̀. Ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́rìndínlógójì kí wọ́n tó mọ ibi tí jíìnì náà wà lórí krómósómù kẹtàdínlógún, ní 1994. Ó tún di 2012 kí wọ́n tó dá a mọ̀ lórúkọ: RHBDF2, jíìnì tó ní iṣẹ́ nínú bí sẹ́ẹ̀lì awọ àti ti ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń gba àṣẹ láti dàgbà àti láti wo ọgbẹ́ sàn.

Mo ka iṣẹ́ Liverpool yìí sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí pé ojú lásán ni wọ́n fi rí ohun tí ẹ̀rọ kò tíì lè rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó tan àwọn ènìyàn jẹ lọ́nà kan. Ó jẹ́ kí wọ́n rò pé bí a bá wá a débẹ̀, a óò rí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ní Linxian, ní Gonbad, níbi gbogbo. Wọn kò rí i. Jíìnì kan ṣoṣo tí ìṣirò 1992 ń tọ́ka sí kò yọjú. Àwọn ìdílé tó ní RHBDF2 tó bàjẹ́ kò tó nǹkan lágbàáyé. Àwọn àrùn àjogúnbá mìíràn wà tó ń gbé ewu náà ga, bíi Fanconi, níbi tí sẹ́ẹ̀lì kò ti lè tún DNA rẹ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn náà ṣọ̀wọ́n. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, wọn kò lè ṣàlàyé àgbègbè ńlá kan tí ikú ti ń gba ọ̀fun wọlé.

Ẹ̀rí tó yí ọ̀rọ̀ padà wá láti inú ife ọtí. Nígbà tí ènìyàn bá mutí, ẹ́ńsáìmù kan nínú ara ló máa kọ́kọ́ sọ ọtí náà di acetaldehyde, kẹ́míkà líle tó lè ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹ́ńsáìmù kejì, tí wọ́n ń pè ní ALDH2, ni yóò wá sọ acetaldehyde yẹn di ohun tí kò ní ṣe ara ní ìjàǹbá. Ní ìlà oòrùn Éṣíà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jogún ALDH2 tí kò lè ṣiṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mu ife bíà kan, ojú rẹ̀ á pọ́n, ọrùn rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, èébì á sì máa gbé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Harada, Agarwal àti Goedde, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg ní Jámánì, fi hàn pé ẹ́ńsáìmù yìí ló fa ojú pípọ́n náà lára àwọn ará Jàpáànì. Gẹ́gẹ́ bí Brooks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ ní 2009, nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlà oòrùn Éṣíà ni ojú wọn ń pọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní àléébù ALDH2 lágbàáyé sì tó mílíọ̀nù 540.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù AA, AS àti SS kò ní ṣòro fún láti lóye bí ogún yìí ṣe pín. Ẹ̀dà méjì ni oníkálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹnì kan lè ní ẹ̀dà méjì tó dára, ẹnì kan ọ̀kan tó dára àti ọ̀kan tí kò dára, ẹlòmíràn méjèèjì tí kò dára. Nínú ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde, AS kì í sábà ní wàhálà, SS ló ń ru ẹrù. Nínú ọ̀rọ̀ ALDH2 àti jẹjẹrẹ, ó yí padà: ẹni tó wà láàárín ló wà nínú ewu jù. Ẹni tí ẹ̀dà méjèèjì rẹ̀ bàjẹ́ kò lè mutí rárá. Ìgbà tó bá ti tọ́ ọ wò ni ara rẹ̀ á ti kọ̀ ọ́, nítorí náà kì í mu ún, jẹjẹrẹ náà kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mú. Ẹni tó ní ọ̀kan tó dára àti ọ̀kan tí kò dára lè mu ún bó bá fi ipá kọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ agbára ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kò tó ìdajì ti ẹni tó pé, nítorí ẹ̀yà mẹ́rin ni ẹ́ńsáìmù náà fi so pọ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ aláìpé, á fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Acetaldehyde á wá máa pẹ́ nínú ara rẹ̀. Á tún pọ̀ nínú itọ́ rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín inú ẹnu pàápàá ń sọ ọtí di acetaldehyde, gbogbo itọ́ tó bá sì gbé mì, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà.

Ní àwọn ọdún 1990, Akira Yokoyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Kurihama ní Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé láàárín àwọn ọ̀mùtí tí wọ́n ń tọ́jú, àwọn tó ní ẹ̀dà kan tí kò dára ni jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ń mú jù. Nígbà tí Lewis àti Davey Smith kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ ní 2005, èsì náà hàn gbangba. Tí a bá fi wọ́n wé ẹni tó ní ẹ̀dà méjì tó dára, ewu ẹni tó ní méjì tí kò dára fi díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta péré, nígbà tí ti ẹni tó wà láàárín fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti ẹni tó pé lọ. Láàárín àwọn ọ̀mùtí paraku, ìlọ́po méje ni. Láàárín àwọn tí kì í mutí rárá, ìyàtọ̀ náà kò dájú. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí jíìnì yìí bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ì bá kọ́kọ́ kú. Òun gan-an ni jẹjẹrẹ náà ń yẹ̀ fún jù, nítorí jíìnì náà ti gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí yìí náà ni àtakò ìkòkò kan náà ti bọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè jẹun nínú àwo kan, kí ọ̀kan gba ẹ̀dà tó dára, kí èkejì gba èyí tí kò dára. Kò sí ẹni tó yan tirẹ̀, owó tàbí ìwé kíkà kò sì lè yí i padà. Nítorí náà, nígbà tí ewu bá ń tẹ̀ lé ẹ̀dà yẹn kìkì lára àwọn tó ń mutí, ó di ẹ̀rí pé ọtí fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ibi náà, kì í ṣe pé àwọn ọ̀mùtí kàn ń jẹun burúkú.

Àpẹẹrẹ kan wà láti Jàpáànì tó wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1994, Higuchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lórí àwọn ọ̀mùtí paraku ilẹ̀ náà. Ní 1979, ìdá 2.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ẹ̀dà kan tí kò dára. Ní 1986, ó ti di 8. Ní 1992, ó di 13. Jíìnì àwọn ará Jàpáànì kò yí padà láàárín ọdún mẹ́tàlá. Ohun tó yí padà ni ìgbésí ayé: ọtí ilé iṣẹ́, ọ̀gá tó ń rọ ọmọ iṣẹ́ pé kó mu ún, àwùjọ tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ojú rẹ̀ ń pọ́n gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ààbò tí ara fi fún wọn, àwùjọ borí rẹ̀, àwọn ènìyàn tí ì bá má sún mọ́ ewu sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tó di 2009, ìwádìí Cui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì tún fi hàn bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ti ara wọn lẹ́yìn: ẹni tó bá ní àléébù ALDH2, tó tún ní àléébù nínú ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ tó ń sọ ọtí di acetaldehyde, tó sì ń mutí, tó tún ń fa sìgá, ewu rẹ̀ fi bí ìlọ́po 190 ju ti ẹni tí kò ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe.

Irú kejì, èyí tó ń hù nítòsí àpòlúkù, fi ọ̀nà mìíràn jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní 1950, Norman Barrett, oníṣẹ́ abẹ ní London, kọ̀wé nípa ọ̀nà ọ̀fun tí inú rẹ̀ ti pa dà jọ ti inú àpòlúkù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àyípadà yìí títí di òní. Omi kíkan tó ń ru sókè léraléra ló ń fà á, ara rẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ irú kejì sábà ń hù sí. Láti 2012, àwọn ìwádìí ńlá ti rí àwọn ibi kan nínú DNA, bíi ẹ̀gbẹ́ jíìnì FOXF1, tó ń ti ewu náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò tó jáde ní 2013 sọ pé àjogúnbá ló ni nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn nínú ewu jẹjẹrẹ yìí. Ìdá mẹ́rin kan kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí: ní Amẹ́ríkà, láàárín 1975 sí 2001, jẹjẹrẹ irú yìí gòkè láti ènìyàn 4 nínú mílíọ̀nù kan sí 23. Kò sí ìran kan tí jíìnì rẹ̀ lè yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ara sísanra jù àti omi kíkan tó ń ru ló wà lára ohun tó gbé e sókè. Àjogúnbá lè sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣubú nínú èrò, kò lè sọ iye tí yóò ṣubú.

Lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì tẹ iṣẹ́ jáde nígbà kan náà nínú ìwé ìròyìn Nature Genetics. Wọ́n ti yẹ DNA ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ṣáínà wò láti òkè délẹ̀, àwọn méjèèjì sì dé ibì kan náà: jíìnì PLCE1, lórí krómósómù kẹwàá. Ẹgbẹ́ kan tún rí jíìnì tó ń gbé fítámì B2 wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn sì bá ohun tí wọ́n ti ń fura sí lórí oúnjẹ Linxian mu. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan PLCE1 tó léwu ń fi nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu ẹni. Àwọn kan á ní, bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Èmi gbà pé kò ṣeé fi sọ fún ẹnì kan pé àrùn yóò mú un tàbí kò ní mú un, ẹni tó bá sì ń ta irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún aráàlú kò ṣe é lóore. Ohun tó wúlò fún ni pé ó ń tọ́ka sí bí àrùn náà ṣe ń rìn nínú ara, bó ṣe jẹ́ pé ALDH2 ló ràn wá lọ́wọ́ láti dá acetaldehyde mọ̀. Ní 2009, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka acetaldehyde tó ń bá ọtí rìn mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹ̀rí láti inú jíìnì wà lára ohun tó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ ká wá bi ara wa ohun tí gbogbo èyí jẹ́ fún Áfíríkà, nítorí ibẹ̀ ni àlàyé tó yá jù ti lè ṣìnà jù. Àrùn náà pọ̀ ní ìhà ìlà oòrùn àti gúúsù, láti Ẹtiópíà gba Kẹ́ńyà àti Màláwì dé ìhà Ìlà Oòrùn Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa, Nàìjíríà wà lára rẹ̀, ó kéré gidigidi. Ẹnì kan lè tètè sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa ló ń dáàbò bò wá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ìlú Washington ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà? Ní àwọn ọdún 1970, àárín wọn ni ikú jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ti ga jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìwádìí tó jáde ní 1981 rí i pé ọtí ni olórí ohun tó fà á, oúnjẹ tí kò dára sì tì í lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, irú kìíní àrùn náà ti lọ sílẹ̀ gan-an láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ó kéré ní èbúté tí wọ́n ti kó wọn lọ, ó ga lápọ̀jù ní ìlú tí wọ́n dé, ó tún wálẹ̀ níbẹ̀ kan náà.

Jíìnì tí wọ́n rí ní Éṣíà kò sì ṣeé gbé wá síhìn-ín bí ó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n kó àwòrán ìyàtọ̀ DNA ènìyàn lágbàáyé jọ nínú iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n mú ni Yorùbá Ìbàdàn: ènìyàn 90, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Lára wọn, ẹ̀dà ALDH2 tó ń pọ́n ojú àwọn ará Jàpáànì kò sí. Bákan náà, nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà PLCE1 ti Ṣáínà lára àwọn adúláwọ̀ Gúúsù Áfíríkà ní 2012, kò bá jẹjẹrẹ náà rìn níbẹ̀, ìyàtọ̀ mìíràn nínú jíìnì kan náà ló bá a rìn. Ẹni tó bá fi àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Henan wọn ewu ọmọ Ìbàdàn, nọ́ńbà ló máa rí gbà, kò ní rí òtítọ́.

Àtakò kan ṣì kù tó le, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ní 2021, Moody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò DNA inú kókó jẹjẹrẹ 552 jáde. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n ti kó o jọ, ibi tí àrùn náà ti pọ̀ bí Ìráànì, Kẹ́ńyà àti Màláwì, àti ibi tí kò ti pọ̀. Wọ́n retí pé ohun tó ń pa àwọn ènìyàn ní àwọn ibi tó pọ̀ náà yóò fi àpá tirẹ̀ sílẹ̀ lára DNA, bí èéfín sìgá ṣe máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀. Àpá náà jọra jákèjádò. Ṣé kì í ṣe pé ohun tó ń gba ọ̀fun kọjá kò ṣe nǹkan kan nígbà náà? Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò àwọn olùwádìí ni pé tíì gbígbóná kì í fúnra rẹ̀ yí DNA padà, ó ń bó inú ọ̀nà ọ̀fun lójoojúmọ́, á sì máa fi ipá mú sẹ́ẹ̀lì kó pín léraléra láti wo ọgbẹ́ náà. Bó bá ṣe ń pín sí i ni àṣìṣe tó ti wà tẹ́lẹ̀ á máa rí ààyè. Ṣáájú ìgbà náà, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ náà ti ka ohun mímu tó gbóná ju ìwọ̀n 65 Celsius lọ mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ní 2016. Ọtí ní tirẹ̀ fi àpá sílẹ̀, àpá náà sì hàn kedere jù lára àwọn ọ̀mùtí tó jogún ALDH2 tí kò dára.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti di ìtọ́jú, ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe kan náà. Fún ìdílé tí àtẹ́lẹwọ́ wọn nípọn bí ti Liverpool, ogún náà wúwo débi pé wọ́n ń ti kámẹ́rà sí wọn lọ́fun lóòrèkóòrè láti wo ìbẹ̀rẹ̀ àrùn, kò sì dìgbà tí ọ̀fun bá há. Fún àwọn tí ALDH2 kan, Yokoyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé kò pọn dandan kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìbéèrè méjì tí dókítà lè béèrè tó láti dá nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn mọ̀: ṣé ojú yín máa ń pọ́n lẹ́yìn ife bíà kan ṣoṣo nísinsìnyí? Ṣé ó máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mutí? Ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ti mutí pẹ́, ara rẹ̀ ti máa ń mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ kì í pọ́n mọ́, á sì sọ láìṣẹ̀tàn pé ọtí kò ṣe òun ní nǹkan kan.